Ìdí Igbó Márùn-ún Fún Aláìsàn Kan

Ní orílẹ̀-èdè Kánádà, bí dókítà bá kọ ọ́ sínú ìwé pé kí aláìsàn kan máa lo gíráàmù igbó kan lójúmọ́, òfin gbà á láyè láti gbin ìdí igbó márùn-ún sínú yàrá ilé rẹ̀, tàbí ìdí méjì péré bó bá jẹ́ pé ìta gbangba ló fẹ́ gbìn ín sí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá dán an wò ní Ọ̀wọ̀ tàbí ní Ìfọ́n ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ̀wọ̀n gbére wà nínú òfin tó gbé NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró ní Nàìjíríà, kalẹ̀ fún ẹni tó bá gbin oògùn olóró. Ọ̀rọ̀ pọ̀ láàárín ìdí márùn-ún àti ẹ̀wọ̀n gbére, àmọ́ a kì í fẹ́ sọ ọ́ nílùú yìí. Bí ẹnu bá ti kan igbó báyìí, ọmọ ìta tó ń fà á lábẹ́ afárá ni gbogbo wa ń rí lójú ọkàn. A kì í rí ẹni tí jẹjẹrẹ ń bá fínra, tí oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ kò jẹ́ kí òkèlè kan dúró nínú rẹ̀.

Èrò ìwé ìròyìn yìí kò le láti sọ. Òfin tó bá gbà pé igbó lè jẹ́ oògùn fún àwọn aláìsàn kan gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọn yóò ti rí i. Bí èyí tí wọ́n ń tà bá wọ́n kọjá agbára aláìsàn, tàbí tí kò tilẹ̀ sí níbì kankan, ó yẹ kó lè gbìn ín fúnra rẹ̀, ní iye tí ìwé dókítà bá fi hàn, kó má fi ìdí kan lé e. Iye yẹn gan-an ni ìjà wà lé lórí. Àwọn tó ti gbé òfin yìí kalẹ̀ níbòmíràn ti kọsẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀kọ́ wọn sì wúlò fún wa kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbé àbá òfin síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábújá.

Ọwọ́ aláìsàn ni òfin Kánádà ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin ará Toronto kan, Terrance Parker, ti ń bá wárápá yí láti kékeré. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fún un ní oògùn lóríṣiríṣi, gìrì náà kò lọ. Ìgbà tó ń fa igbó ló rí i pé ó ń rọlẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín nílé, làwọn ọlọ́pàá bá wá mú un. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìpínlẹ̀ Ontario. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 2000, àwọn adájọ́ ní òfin tó ń fi aláìsàn sáàárín ìlera rẹ̀ àti ẹ̀wọ̀n, pé kó mú ọ̀kan, kò bá ìwé òfin ilẹ̀ náà mu. Wọ́n fún ìjọba ní ọdún kan kó fi tún un ṣe.

Ìjọba kò fẹ́, àmọ́ ó ṣe é. Ìlànà tó jáde lọ́dún 2001 gba aláìsàn tó ní ìwé dókítà láyè láti gbin tirẹ̀, tàbí kó yan ẹlòmíràn tí yóò máa bá a gbìn ín. Lẹ́yìn tí ilé-ẹjọ́ tún dá sí i lọ́dún 2003 ni ìjọba fúnra rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún wọn, èyí tí ilé-iṣẹ́ kan gbìn sínú ihò ìwakùsà lábẹ́ ilẹ̀ ní Flin Flon, ní ìpínlẹ̀ Manitoba. Bẹ́ẹ̀ ni o, igbó ìjọba, lábẹ́ ilẹ̀! Púpọ̀ nínú àwọn tó lò ó ráhùn pé kò dára, wọ́n sì padà sídìí èyí tí wọ́n ń gbìn nílé.

Ìgbà tó di ọdún 2013, ìjọba yí ohùn padà. Ó ní láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2014, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbin igbó oògùn nílé mọ́. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tó bá ní ìwé àṣẹ ni kí gbogbo aláìsàn ti máa rà á, kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí wọn nílé. Àwọn ìdí tó sọ kì í ṣe èyí tí èèyàn lè fi ọwọ́ gbá dànù. Iná àtùpà ńláńlá tí wọ́n fi ń gbìn ín nínú ilé lè dá iná sílẹ̀. Ọ̀rinrin rẹ̀ ń mú kí ògiri máa bu. Òórùn rẹ̀ ń yọ aládùúgbò lẹ́nu. Olè ń fọ́ ilé wọlé nítorí rẹ̀. Àwọn kan sì ń ta àjẹṣẹ́kù oògùn wọn sígboro.

Àwọn aláìsàn mẹ́rin gbé ìjọba lọ sílé-ẹjọ́, ẹjọ́ tí gbogbo ayé mọ̀ sí ẹjọ́ Allard. Ọ̀rọ̀ wọn dá lórí owó. Wọ́n ní èyí tí àwọn ń gbìn nílé kò ná àwọn tó owó tí ilé-iṣẹ́ ń gbà lórí gíráàmù kan rárá, àti pé ẹni tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àìsàn, tó jẹ́ owó ìrànwọ́ ìjọba ló ń jẹ, kò lè san irú owó bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù. Ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2016, Adájọ́ Michael Phelan dá wọn láre. Kò sọ pé ewu kankan kò sí. Ohun tó sọ ni pé ìjọba kò fi ẹ̀rí tó múná dóko hàn pé ewu náà kọjá ohun tí ìlànà tó dára lè ká lọ́wọ́ kò. Ìjọba kò pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Nígbà tí oṣù kẹjọ ọdún náà fi máa parí, aláìsàn ti tún lẹ́tọ̀ọ́ láti gbin igbó nílé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá fi òfin tuntun tú igbó sílẹ̀ fún gbogbo àgbàlagbà ní ọjọ́ 17 oṣù kẹwàá ọdún 2018, ẹ̀tọ́ aláìsàn yìí dá dúró lọ́tọ̀, kò sì dàpọ̀ mọ́ ti ẹni tó ń fà á fún ìgbádùn.

Ìyàtọ̀ yẹn ṣe pàtàkì ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Òfin ọdún 2018 gba ìdí mẹ́rin láyè fún ilé kọ̀ọ̀kan, yálà aláìsàn wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ìpínlẹ̀ Quebec kọ̀ ọ́, ó ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbin ẹyọ kan nílé fún fàájì, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ Kánádà sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2023. Síbẹ̀, aláìsàn tó ń gbé ní Quebec, tó ní ìwé dókítà àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọba àpapọ̀, ń gbin tirẹ̀ láì sí ìyọnu. Ẹni tó bá ń sọ pé bí a bá ṣílẹ̀kùn fún aláìsàn, gbogbo ayé ló máa gba ibẹ̀ wọlé, kó lọ wo Quebec.

Ìṣirò wọn gan-an ló wù wá jù. Wọ́n mú iye gíráàmù tí dókítà kọ fún ọjọ́ kan, wọ́n sọ ọ́ di ti ọdún kan. Wọ́n gbà pé ìdí kan tí wọ́n bá gbìn sínú ilé yóò mú 30 gíráàmù wá ní ìkórè kan, àti pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni èèyàn lè kórè láàárín ọdún, torí pé iná àtùpà kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn yàtọ̀ sí òjò. Èyí tó wà ní ìta gbangba, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọn yóò kórè rẹ̀, àmọ́ ìdí kan á mú 250 gíráàmù wá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ìdá kan nínú márùn-ún kún iye tó bá jáde, nítorí èyí tí kòkòrò bá jẹ tàbí tó bá kú. Ìdí nìyí tí gíráàmù kan fi di ìdí márùn-ún nínú ilé, tí méjì fi di mẹ́wàá, tí mẹ́ta sì di 15.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú yóò rẹ́rìn-ín, torí pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ igbó gbígbìn lè rí ju 30 gíráàmù lọ dáadáa lórí ìdí kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin kò gbọdọ̀ wo ọ̀gá àgbẹ̀ nìkan. Ìyá àgbà tí làkúrègbé ti ká ọwọ́ rẹ̀ kò, tó ń gbin nǹkan fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, yóò pàdánù ìlàjì ohun tó gbìn. A fara mọ́ ọn pé kí òfin fi àyè sílẹ̀ fún irú rẹ̀, kódà bí àwọn kan bá fi ìyẹn rí àṣẹ́kù.

Àwọn ìlànà tó yí ìṣirò náà ká kò burú. Ìwé dókítà kò lè kọjá ọdún kan kó má di àtúnṣe. Ayálégbé gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ onílé kó tó gbin ohunkóhun. Ẹni tó bá fẹ́ gbìn ín síta kò gbọdọ̀ ṣe é níbi tó fara kan ọgbà ilé-ìwé tàbí ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré. Irúgbìn gbọ́dọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gbé e láti gbìn ín lè yan ẹlòmíràn, àmọ́ ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá ti dá lẹ́bi ẹ̀sùn igbó láàárín ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kò lè ṣe é. Aláìsàn kò sì gbọdọ̀ ta ewé kan, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.

Ibi tí agbọ̀n ti jò ni pé òfin kò fi òpin sí iye tí dókítà lè kọ. Ẹ fi ìṣirò òkè yìí ṣe 100 gíráàmù lójúmọ́ wò: 487 ìdí igbó ló máa jáde, fún ẹni kan ṣoṣo. Òfin kan náà gba kí ènìyàn mẹ́rin forúkọ sílẹ̀ sí ojúlé kan. Bí àwọn mẹ́rin bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀, ojúlé yẹn yóò gbin 1,948. Kí ni ẹnì kan fẹ́ fi 100 gíráàmù ṣe lọ́jọ́ kan? Kò sí ẹ̀dá alààyè tó lè fà á tán. Àwọn dókítà kan wà tó ń fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, àwọn ọlọ́pàá Ontario sì ti pariwo títí pé àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn ń fara pamọ́ sábẹ́ ìwé aláìsàn láti dá oko ńlá. Lọ́dún 2021, ilé-iṣẹ́ ètò ìlera Kánádà kọ àbá jáde nípa ìgbà tí òun lè kọ ìforúkọsílẹ̀ tàbí kí òun gbà á padà, ìyẹn sì fi hàn pé àwọn náà mọ̀ pé omi ti ń wọ ọkọ̀.

Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé ìjọba Kánádà yìí kan náà ti ní iye tó mọ́gbọ́n dání lọ́wọ́. Àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì, tí ìjọba ń san owó igbó oògùn wọn, kì í gbà ju gíráàmù mẹ́ta lọ lójúmọ́ láti oṣù kọkànlá ọdún 2016. Mẹ́wàá ni tẹ́lẹ̀. Owó tó ń bá a lọ pọ̀ jù ni wọ́n ṣe gé e kù. Ẹni tó bá nílò jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà àgbà tó mọ̀ nípa àìsàn rẹ̀ ní pàtó. Nígbà tó bá jẹ́ àpò ìjọba ni owó ti ń jáde, ó mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè èrò dókítà kejì. Nígbà tó bá jẹ́ pé ilé aládùúgbò ni nǹkan ti ń hù, kò béèrè mọ́. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fara mọ́ ni pé kí gíráàmù mẹ́ta jẹ́ ààlà fún ẹni tó ń gbìn ín nílé pẹ̀lú, ìyẹn ìdí 15, kí ẹni tó bá fẹ́ kọjá rẹ̀ wá ọ̀gá oníṣègùn kejì tí yóò fọwọ́ sí i, kí ojúlé kan má sì gba ju aláìsàn méjì lọ. Aláìsàn tòótọ́ kò ní pàdánù nǹkankan nínú èyí. Ẹni tó ń dá oko ni yóò ráhùn.

Lórí ti àwọn ọmọdé, a ò tíì rí orílẹ̀-èdè tó ṣe é dáadáa. Láti ìgbà tí igbó ti di nǹkan tí wọ́n ń fi sínú bisikíìtì àti súìtì ní Kánádà ni iye àwọn ọmọ kéékèèké tó ń jẹ ẹ́ láìmọ̀, tí wọ́n sì ń gbé dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn, ti ń pọ̀ sí i. Òfin kàn ní kí aláìsàn ṣe gbogbo ohun tó bá tọ́ láti dáàbò bo igbó rẹ̀. Kí ni ohun tó tọ́? Àpótí tó ní àgádágodo, nínú yàrá tó ní kọ́kọ́rọ́. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má fi sílẹ̀ fún olúkúlùkù láti túmọ̀.

Táílándì gba ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà náà sì kàn wá nílé. Oṣù kejì ọdún 2019 ni wọ́n fi òfin gba igbó láàyè fún ìwòsàn níbẹ̀, àwọn ló sì kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ ní gúúsù-ìlà-oòrùn Éṣíà. Oṣù karùn-ún ọdún kan náà ni Gómìnà Rótìmí Akérédolú ti ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó ti di olóògbé báyìí, àti ọ̀gá àgbà NDLEA nígbà náà, Muhammad Abdallah, lọ síbẹ̀ láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Gómìnà náà kò fi bò pé ìpínlẹ̀ òun ni ojúkò igbó gbígbìn ní Nàìjíríà, ó sì sọ pé ọjà igbó tó bófin mu láyé yóò tó bílíọ̀nù 145 dọ́là lọ́dún 2025. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ọkùnrin náà kò láyà. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí i dáadáa: dọ́là ló ṣáájú. A kò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ lórí ẹni tó dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn, tí kò rí oorun sùn nítorí ìrora.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà ni Táílándì ṣe èyí tó ya gbogbo ayé lẹ́nu. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n yọ igbó kúrò nínú àkọsílẹ̀ oògùn olóró. Mínísítà ètò ìlera wọn nígbà náà, Anutin Charnvirakul, ṣèlérí mílíọ̀nù kan irúgbìn ọ̀fẹ́ fún àwọn ìdílé. Kí èèyàn forúkọ sílẹ̀ lórí áàpù tí ìjọba ṣe, kó sọ pé fún ìlera ni òun fẹ́ gbìn ín, ó parí. Kò sí dókítà níbẹ̀, kò sí ìṣirò gíráàmù, òfin tó sì yẹ kó sọ iye ìdí tí ilé kan lè gbìn kò jáde láti ilé aṣòfin. Kí ojú tó mọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù ti kún Bangkok àti àwọn ìlú tí àwọn àlejò ń lọ, igbó tí wọ́n ní fún ìwòsàn sì di ohun tí arìnrìn-àjò ń rà lẹ́bàá títì. Lóṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba tún pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ra òdòdó igbó láìsí ìwé dókítà. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi rìn lọ tí wọ́n fi rìn bọ̀, ẹni tó sì gba gbèsè lórí ṣọ́ọ̀bù ló ku ọ̀rọ̀ sí lọ́wọ́.

Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ọ̀nà tí Oǹdó fẹ́ gbà. Lesotho ló kọ́kọ́ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní ìwé àṣẹ láti gbin igbó oògùn, lọ́dún 2017, kí wọ́n lè máa kó o lọ sí òkè òkun. Zimbabwe àti Malawi tẹ̀ lé e. Orílẹ̀-èdè tí ará ilé ti kọ́kọ́ jà fún ti ara rẹ̀ ni Gúúsù Áfíríkà, níbi tí ilé-ẹjọ́ òfin ilẹ̀ náà ti sọ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, nínú ìdájọ́ tí Raymond Zondo kọ, pé ohun tí àgbàlagbà bá gbìn sí ìkọ̀kọ̀ ilé rẹ̀ fún ara rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn ìjọba. Ọdún 2024 ni ààrẹ wọn tó fọwọ́ sí òfin tó tẹ̀ lé e.

Bí ó bá wá jẹ́ pé èèyàn fẹ́ mọ ohun tí òfin aláàbọ̀ ń ṣe fún aláìsàn, ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà ni kó lọ, ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé ní Atlanta àti agbègbè rẹ̀. Lọ́dún 2015, wọ́n ṣe òfin tó gba àwọn tó ní irú àìsàn kan láyè láti ní òróró igbó tí agbára rẹ̀ kò pọ̀ lọ́wọ́. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde tó bá ti le wà nínú àwọn àìsàn náà, èyí tó kan ìran wa ju ọ̀pọ̀ ìran mìíràn lọ. Òfin ní o lè ní in lọ́wọ́. Òfin kò sọ ibi tí o ti máa rà á. Gbígbìn, ọ̀ràn ńlá ni nígbà náà; títà, ọ̀ràn ni; kí èèyàn sì lọ rà á wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló ń tàpá sí. Oṣù kẹrin ọdún 2023 ni ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tó ṣí. Ọdún mẹ́jọ gbáko ni ìdílé tí ọmọ wọn ń jẹ̀rora fi ní káàdì ìjọba lọ́wọ́ láì ní oògùn. Irú òfin yìí la kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó wá sí Nàìjíríà.

A gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ lórí fòníkú-fọ̀ladìde o, torí pé ìdílé tí ìrora ọmọ ti tán ní sùúrù máa ń gba ohunkóhun gbọ́. Ìwádìí tí àwọn oníṣègùn ní yunifásítì California ní San Francisco tẹ̀ jáde lọ́dún 2020, lórí aláìsàn 23, kò fi hàn pé igbó dín ìrora wọn kù tó bẹ́ẹ̀ ju oògùn ìtànjẹ tí wọ́n fi wé e lọ. Èèyàn 23 kéré, ìwádìí náà kò sì ti ilẹ̀kùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún ìyá ọmọ pé ìwòsàn ti dé. Ti wárápá yàtọ̀. Àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn Epidiolex ní oṣù kẹfà ọdún 2018 fún irú wárápá méjì tó le gan-an láàárín àwọn ọmọdé, ara igbó ni wọ́n sì ti yọ èròjà inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èròjà CBD tí wọ́n ti sẹ́ mọ́ tónítóní ni, tí wọ́n wọn iye rẹ̀ dáadáa. Kò sí bí ìyá ọmọ ṣe lè sè é jáde nínú ìkòkò ilé rẹ̀ kí agbára rẹ̀ lónìí bá ti àná dọ́gba. Ibi tí gbígbìn nílé ti wúlò ni ọ̀dọ̀ àgbàlagbà tó ń lò ó fún ìrora, fún èébì tí oògùn jẹjẹrẹ ń fà, tàbí fún àìlèjẹun, tó lè fi ara rẹ̀ mọ èyí tó tó. Òfin tó bá gba gbígbìn nílé láyè fún ọmọdé, a kò ní ti í lẹ́yìn.

Ó wá ku ilé wa. Òfin tí ìjọba ológun ṣe lórí igbó lọ́dún 1966 fi ikú tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 21 sórí ẹni tó bá gbìn ín. Wọ́n ti yọ ikú kúrò lẹ́yìn náà, àmọ́ ọwọ́ líle yẹn kò tíì kúrò. Kí sì ni ó mú wá? Ìwádìí tí wọ́n ṣe kárí Nàìjíríà, tó jáde pẹ̀lú àmì ọdún 2018, fi hàn pé ó tó mílíọ̀nù 10.6 ènìyàn tó lo igbó láàárín ọdún kan, àti pé ní Èkó, bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn èèyàn tó wà láàárín ọjọ́ orí 15 sí 64 ló ń lo oògùn olóró kan tàbí òmíràn. Buba Marwa, tó ti ń darí NDLEA láti ọdún 2021, máa ń fi irú iye yìí ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn pé kò sí àkókò tí ó burú ju báyìí lọ láti tú igbó sílẹ̀. A kò bá a jiyàn lórí ewu náà. Àwọn òbí tí ọmọ wọn ti fi igbó bá ọpọlọ ara rẹ̀ jẹ́ wà ládùúgbò gbogbo wa, àti pé ẹni tó bá sọ pé igbó kò ṣe nǹkankan fún ọmọ ọdún 16 kò tíì wọ ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Arò l'Ábẹ́òkúta rí.

Ṣùgbọ́n ewu kò dí wa lọ́wọ́ láti lo mọ́fíìnì. Ó lágbára ju igbó lọ, ó ń di bárakú, ó ń pa èèyàn bó bá pọ̀ jù, síbẹ̀ àwọn dókítà ń kọ ọ́ fún aláìsàn ní UCH àti ní ilé ìwòsàn LUTH l'Ékòó, ìjọba àpapọ̀ ló sì ń darí bó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń dé ọwọ́ wọn. A ti mọ bí a ṣe ń ṣọ́ oògùn tó léwu. Kí a bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: kí àwọn ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní oògùn tí wọ́n ti yọ lára igbó, kí àwọn ọ̀gá dókítà wọn nìkan máa kọ ọ́, fún ìwọ̀nba àìsàn tí òfin bá dárúkọ.

Bó bá wá yá, tí ìjọba bá fẹ́ fún ilé-iṣẹ́ ní ìwé àṣẹ láti dá oko igbó l'Óǹdó fún títà sókè òkun, ibẹ̀ ni ìwé ìròyìn yìí kò ní gbà láti dákẹ́. A kò lè fún olówó ní ilẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdí igbó kí a sì rán aláìsàn tó gbin méjì sí ẹ̀yìnkùlé lọ sẹ́wọ̀n gbére. Orí ìwé òfin kan náà ni kí àwọn méjèèjì wà, ní ọjọ́ kan náà.

Ìdí méjì la sọ, a kò sọ márùn-ún, torí pé ìṣirò inú ilé ti Kánádà kò bá wa mu. Iná mànàmáná tí yóò máa tàn sórí igbó fún wákàtí 18 lójúmọ́ kò sí lọ́dọ̀ wa, jẹnẹrétọ̀ tí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ tàn sí i yóò jẹ owó ju oògùn lọ. Oòrùn la ní. Ìṣirò ti ìta gbangba ló kàn wá, ìdí méjì fún gíráàmù kan, pẹ̀lú òjò tó lè mú kí òdòdó rẹ̀ bu kó tó gbó. Èèyàn kò sì lè fà á tàbí jẹ ẹ́ bó bá ti bu, pàápàá ẹni tí jẹjẹrẹ ti gba agbára ara rẹ̀ lọ. Ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ wa ti yàtọ̀ ni ilé fúnra rẹ̀. Nínú ilé kojú-sí-mi-n-kojú-sí-ọ ní Mushin l'Ékòó tàbí ní Bẹẹrẹ n'Íbàdàn, tí ìdílé mẹ́jọ ń lo àgbàlá kan, kò síbi tí èèyàn lè gbin igbó sí tí gbogbo ọmọdé ilé kò ní mọ̀ kó tó di alẹ́. Ẹni tí kò ní àgbàlá tirẹ̀ tó ní ògiri àti kọ́kọ́rọ́, ilé ìwòsàn ni kó ti máa gba oògùn rẹ̀, òfin sì gbọ́dọ̀ fi dá a lójú pé yóò rí i gbà níbẹ̀ ní iye tí kò ní ju ohun tí ẹlẹ́yìnkùlé ń ná lọ. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a ó kàn ṣe òfin fún ẹni tó nílé nìkan ni.

Ilé ìwòsàn ni kó máa mú orúkọ aláìsàn lọ fún àjọ NDLEA, kì í ṣe aláìsàn ni yóò máa gbé ara rẹ̀ lọ síwájú wọn. A mọ ohun tí ìyẹn lè dà.

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wà ní Kánádà, tí ìwé yín pé, tí igbó yín sì wà nínú yàrá pẹ̀lú àṣẹ: òfin Kánádà fúnra rẹ̀ kò gbà kí ẹ gbé ewé kan gba ẹnubodè jáde, ìwé dókítà yòówù tí ẹ bá ní. Òfin wa níbí kò sì mọ̀ ọ́n ní oògùn. Ẹ̀wọ̀n gbére ló wà fún ẹni tó bá kó oògùn olóró wọlé. Bí ẹ bá ń bọ̀ wálé lóṣù Kejìlá, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ ṣáájú lórí oògùn mìíràn tí ẹ lè mú dání wá, kí ẹ sì tú báàgì yín wò lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó dé pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed l'Ékòó.